Àwọn Ọmọ Ẹyẹ Tí Mo Ní Wọ́n Ti Fò Lọ

N kò tíì fojú ara mi rí òkun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Inú ófíìsì kan ní Farmers Branch, lẹ́bàá ìlú Dallas, ni mo ti mọ̀ ọ́n, lójú kọ̀ǹpútà, tíì mi á ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi, ẹ̀rọ amúlétutù á sì máa fẹ́ bí ẹni pé ẹja ni wọ́n kó sínú ilé, kì í ṣe èèyàn. Níta, oòrùn Texas ń yan ọkọ̀ wa lórí kọnkéré. Lójú kọ̀ǹpútà mi, òjò winniwinni ń rọ̀ sórí àpáta kan tó dúró ṣánṣán létí omi, ẹyẹ sì kún ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò le. Àwọn kan tó ń dáàbò bo ẹyẹ òkun gbé kámẹ́rà sí ọ̀kánkán àpáta ọ̀hún, kámẹ́rà ń ya àwòrán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ilé iṣẹ́ wa sì ń kọ́ ẹ̀rọ kan tí yóò máa ka ìtẹ́ ẹyẹ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Kí ẹ̀rọ tó gbọ́n, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́n fún un. Èmi ni wọ́n ní kí n gbọ́n. N ó wo ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan, n ó sì tẹ ọ̀kan nínú àmì mẹ́rin: ẹyin wà, ọmọ wà, ọmọ ti fò lọ, ọmọ ti kú.

Ẹyẹ náà funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí eérú, ṣóńṣó apá rẹ̀ méjèèjì sì dúdú bí ìgbà tí èèyàn tì í bọnú aró. Ibi tí kò lè gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi ni yóò fi ẹrẹ̀ àti koríko kọ́ ìtẹ́ sí, òkun á máa hó lábẹ́ rẹ̀. Wọn kò pọ̀ láyé mọ́. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ a sì máa sún mọ́ ìdí àpáta, wọ́n á fọn fèrè kí gbogbo ẹyẹ lè gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, kí àlejò lè rí fọ́tò tó dára yà. Bí ìyá bá fò lójijì, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè bá a jáde.

Obìnrin òyìnbó kan ti pàgọ́ sórí àpáta náà láti ìgbà tí òjò dídì ti yọ́ tán. Ó ń bẹ ìgbìmọ̀ ìlú ibẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ dé abẹ́ àpáta mọ́ lásìkò tí ẹyẹ bá ń pamọ. Àwọn ọlọ́kọ̀ ní irọ́ ni, fèrè àwọn kò pa ẹyẹ kankan. Ìgbìmọ̀ ní kò burú, kí wọ́n mú iye wá: ọmọ mélòó ló fò, mélòó ló kú? Bí èyí tó fò bá pọ̀, ọkọ̀ á máa lọ. Bí èyí tó kú bá pọ̀, wọ́n á ti omi náà pa. Ọwọ́ mi ni iye yẹn yóò ti jáde.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí ọmọ wa kò sí mọ́ ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó lò, inú ilé ìwòsàn ni ó sì lò ó tán. Oṣù rẹ̀ kò pé kó tó dé. Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, a sọ ọ́ lórúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí gíláàsì tí wọ́n tẹ́ ẹ sí: pásítọ̀ gbàdúrà lórí fóònù, ìyá mi pe orúkọ tirẹ̀ láti Ọ̀yọ́, nọ́ọ̀sì kan tí kò gbọ́ Yorùbá sì ń bá wa ṣe àmín. N kò ní kọ orúkọ náà síbí. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ará ìjọ ti ń fi orúkọ ọmọ pè wá, Bàbá Lágbájá, Ìyá Lágbájá, bí a ti ń ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi pè wá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo tún di Brother, ìyàwó mi tún di Sister, kò sí ẹni tó ṣèpàdé lé e lórí.

Mo wà lórí òpópónà 635 nígbà tó ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ kò rìn. Ìyàwó mi ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo dé, dókítà fi èdè tirẹ̀ sọ fún mi pé ó ti kọjá lọ. Nínú ìjọ, wọ́n ní ó ti padà sọ́dọ̀ Olúwa. Ìyá mi ní àlejò ni, ó ti relé. Màmá Ìjọ, àgbà obìnrin tí gbogbo wa ń bẹ̀rù, di ìyàwó mi lọ́wọ́ mú, ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ ọ́, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n agbè ọ̀hún jókòó sórí àga ní pálọ̀ wa, ó ń wo kápẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá òun náà ti sán.

Àwọn àgbà ìjọ méjì ló lọ sin ọmọ náà. Ìyá mi ti pè ṣáájú láti kìlọ̀: "Ẹ ò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wọn o. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Ṣé ẹ gbọ́?" Mo ní, "A gbọ́, mà." Èmi àti ìyàwó mi jókòó sí apartment wa ní Lake Highlands, a ń retí àwọn tó lọ sin ọmọ wa bí ẹni ń retí àwọn tó lọ ra epo. Nígbà tí wọ́n dé, ọ̀kan nínú wọn ti gbàgbé láti nu bàtà rẹ̀. Amọ̀ dúdú ilẹ̀ Dallas, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan tí kì í fẹ́ tú, wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa ibi tí ọmọ mi wà kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ má rò pé mo ń sunkún kiri. Ká ní mo sunkún ni, ìyẹn ì bá jẹ́ nǹkan. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo ń fá irùngbọ̀n. Bí ẹnìkan bá ṣàwàdà ní ófíìsì, mo mọ ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń wọ etí mi, kì í wọ ara. Ilé náà, bákan náà. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ní Irving, kò tíì padà síṣẹ́. N ó dé, n ó ní ẹ kú ilé, a ó wo tẹlifísọ̀n. Mi ò bi í ní ohun tó rí lọ́jọ́ yẹn. Òun náà kò sọ.

Àpáta yẹn wá rọrùn fún mi, torí kò sí ẹni tó ń kí mi kú àmúmọ́ra níbẹ̀. Mo débẹ̀ nígbà tí ẹyin ń pa. Ọmọ wọn a máa jáde ní rírọ̀, ó dà bí òwú tí wọ́n rẹ sínú eérú, á kọjú sí àpáta, á kọ̀dí sí òkun, kò sì jẹ́ yí padà. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn.

Ìtẹ́ kan wà tí mo máa ń kọ́kọ́ wò láràárọ̀, lábẹ́ ibi tí àpáta ti là. Ọmọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje, mo rí i nínú àwòrán agogo mọ́kànlá, ó sùn sábẹ́ àyà ìyá rẹ̀. Nínú àwòrán tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ kan tó kún fún èèyàn wà nísàlẹ̀, ojú ọ̀run sì funfun fún ẹyẹ. Nínú ẹ̀kẹta, ìyá ti padà, ó dúró sínú ìtẹ́, ìtẹ́ sì ṣófo. Mo wò ó. Mo gbé ọwọ́, mo tẹ àmì kẹta: ọmọ ti fò lọ. Mo kọjá sórí ìtẹ́ mìíràn.

Bí mo ti ń ṣe é nìyẹn, ọ̀sẹ̀ lé ọ̀sẹ̀. Èyí tí ìjì gbé, ó ti fò lọ. Èyí tí ẹyẹ ńlá kan já gbà lójú mi, ó ti fò lọ. N kò parọ́, tàbí ká sọ pé n kò mọ̀ pé mò ń parọ́. Bí ẹ bá ní kí n búra nígbà náà, mo lè búra pé àmì mẹ́ta péré ló wà lójú kọ̀ǹpútà náà. Ọmọ kì í kú lẹ́nu wa. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi bẹ́ẹ̀, ọwọ́ mi sì ti kọ́ ọ láti ẹnu mi.

Lọ́jọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹjọ, obìnrin orí àpáta pè mí lórí kọ̀ǹpútà. Ojú rẹ̀ pọ́n nítorí afẹ́fẹ́, àgọ́ ń lù pàpàpà lẹ́yìn rẹ̀. Ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, orúkọ mi gan-an ló sì máa ń pè, mo ti gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ìwà wọn. Gẹ̀ẹ́sì la sọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ń rántí rẹ̀ ní Yorùbá, n kò lè pe ìyá náà ní "ìwọ".

"Iye rẹ dára," ó ní. "Ó ti dára jù. Ó dára ju ohun tí mò ń rí lọ."

"Kí lẹ̀ ń rí, mà?"

"Láràárọ̀, tí omi bá ti fà, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí àpáta. Mò ń ṣa òkú wọn láàárín òkúta. Ìwọ ní wọ́n fò. Ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì ò lè fò. Ó di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí apá wọn tó gbé wọn."

Mo wo tíì mi tó ti tutù.

"Ọjọ́bọ̀ ni ìgbìmọ̀ máa jókòó," ó ní. "Bí mo bá gbé iye yìí síwájú wọn, àwọn ọlọ́kọ̀ á fi gbá mi lẹ́nu. Omi yẹn á ṣí sílẹ̀ fún wọn, kò sì ní sí ohun tí mo lè sọ. Ṣé kámẹ́rà ni kò jẹ́ kó o ríran dáadáa?"

Ó ti la ọ̀nà ẹ̀bùrú fún mi. Kámẹ́rà kò lẹ́nu tí yóò fi jà. Mo la ẹnu láti ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Rárá, mà," mo ní. "Mo ríran. Níbi tí mo ti wá, a kì í sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ. A máa ń ní ó ti lọ ni."

Afẹ́fẹ́ ń lu àgọ́ rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa ìdílé mi, n kò sì sọ fún un. "Ó yé mi," ó ní níkẹyìn. "Àmọ́ àwọn tèmi kú. Ṣé o lè tún un ṣe kó tó di Ọjọ́bọ̀?"

Mo ní mo lè tún un ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ni mo fi tún un ṣe. Mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo mú àwọn ìtẹ́ tí mo ti ní ọmọ wọn fò lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ka ọjọ́ orí ọmọ, mo wo àwòrán tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan ti fò lóòótọ́, inú mi ì bá dùn ká ní ó ráyè. Àwọn yòókù, mo yọ àmì kẹta kúrò, mo tẹ ẹ̀kẹrin. Kọ̀ǹpútà á bi mí: ṣé ó dá mi lójú? Mo ní ó dá mi lójú. Á tún gbé òmíràn wá, á tún bi mí. Mo retí pé n ó wó lulẹ̀ níbi kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú sinimá. N kò wó. Ìka mi ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń wò ó. Ìtẹ́ abẹ́ ibi tí àpáta ti là ni mo fi sí ìkẹyìn, torí mo mọ̀ ọ́n ju ìyókù lọ. Ìyá náà ṣì dúró nínú àwòrán, ó kọjú sí àpáta. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dá mi lójú.

N kò ní sọ iye wọn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, èmi sì ti kà kọjá ibi tó yẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà ni mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ obìnrin orí àpáta wọlé sórí fóònù mi. Ìgbìmọ̀ ti gbà. Láti ọdún tó ń bọ̀, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ dé abẹ́ àpáta títí ọmọ ẹyẹ yóò fi fò tán. Ó ní òun ka iye náà sókè sí wọn létí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìtẹ́ sí ìtẹ́, àwọn ọlọ́kọ̀ sì gbọ́. Ó dúpẹ́. Àwọn ẹyẹ dúdú tó máa ń pariwo ní ibi ìgbọ́kọ̀sí wa ń jà lórí búrẹ́dì nínú oòrùn. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí inú mi dùn. Mo wọlé lọ ra ẹja.

Ìyàwó mi wà nídìí síǹkì, ó ń fọ ìkòkò tó ti mọ́.

"Ẹja nìyí," mo ní.

"Gbé e sísàlẹ̀ fridge. Freezer ti full."

Mo mọ ohun tó kún freezer. Omi ọmú rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tó ti bímọ ni ó ti ń fún un sínú ọ̀rá kéékèèké fún ọmọ tó wà nínú gíláàsì. Èyí tí ọmọ kò mu, ilé ìwòsàn kó o fún wa pa dà. Láti oṣù kẹfà ni mo ti ń tì í sápá kan láti rí yìnyín mú, bí ẹni ń ti ẹ̀wà tó ti dì, n kò sì sọ̀rọ̀. Mo ṣí fridge, mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́, òtútù ń fẹ́ sí mi lójú.

"Wọ́n ti omi yẹn pa," mo ní. "Ti àwọn ẹyẹ."

"Thank God."

"Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ fún wọn. Èyí tó bá kú, mo máa ń kọ ọ́ pé ó ti fò lọ. Gbogbo wọn. Ó di pé kí ìyá yẹn pè mí kó bi mí léèrè."

Ó pa omi. Kò yíjú sí mi.

"Ìwọ nìkan kọ́," ó ní.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ló kù, mo sì mọ ọ̀rọ̀ náà. Mo ti tẹ̀ ẹ́ fún odindi ọjọ́ méjì. Mo gbé ẹja sílẹ̀. Mo pè é ní orúkọ tí wọ́n fi pè é fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ní Ìyá, mo sì fi orúkọ ọmọ wa kún un. Mo ní, "Ọmọ wa kú. Mi ò sí níbẹ̀. Ìwọ lo wà níbẹ̀."

Ó di etí síǹkì mú.

"Apá mi ló kú sí," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n kí ẹ̀rọ tó dún. Gbogbo yín ń sọ fún mi pé ó lọ. Mo ń bi ara mi pé, lọ síbo? Ó wà lọ́wọ́ mi."

Mo ní mo gbọ́, mo sì gbọ́ ní tòótọ́. Ó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tó wọ ara mi láti oṣù kẹfà, ó sì dùn mí wọra.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí freezer, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀rá náà sórí tábìlì. Ibi kan wà tí wọ́n ti ń gbà á fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, ó ní. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun ti bá wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ti yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò. Wọ́n fẹ́ mọ iye tó jẹ́ kí wọ́n tó wá.

"Bá mi kà á," ó ní. "Ka ohun tí mo kọ sí i jáde, kí n gbọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi kọ ọ́ sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, bí òfin ilé ìwòsàn: ọjọ́, agogo, ẹni tó ni ín. Lára àwọn ti ọ̀sẹ̀ kìíní, "ọmọbìnrin" nìkan ló wà, torí a kò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Láti ọjọ́ kẹjọ lọ, orúkọ ni. Mo ń kà á sókè, ó ń tò ó sínú kúlà. Nígbà tó ku ẹyọ kan, mo dúró, torí ọjọ́ ara rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kejì tí ọmọ wa kú. Ọmú rẹ̀ kò tíì gbọ́ nígbà náà, ó sì ti jókòó lóun nìkan láti fún un, ó sì ti kọ orúkọ náà sí i pẹ̀lú ọwọ́ tó dúró dáadáa.

"Èyí ńkọ́?" mo bi í.

"Tirẹ̀ ni," ó ní. "Kà á mọ́ ọn."

Mo ka orúkọ náà, mo sì kà á mọ́ ọn.